Ọṣẹ Tí Kò Jáde Lára Aṣọ

Òórùn ọṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò nílé wa ní Súrùlérè lọ́dún tí iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà kógbá sílé. Ọkọ mi bá mi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀ kan, èyí tí à ń ṣí lókè bí ìkòkò. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti ń gba aṣọ fọ̀. Mo rò pé kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó o: kó aṣọ sí i, da ọṣẹ lé e lórí, tẹ bọ́tìnnì, kí o lọ jókòó.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni wọ́n sì fi tọ́ wa ní Mushin, kí àìsàn kan tó gba agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. N kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iṣẹ́ yẹn. Láti kékeré, “oníṣòwò” ni mo máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá sún àga wọn mọ́ ẹ̀rọ náà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, màá ní, “Bàbá, ẹ sinmi. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ báyìí.” Wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn á sún àga wọn padà.

Oníbàárà mi tó ṣe pàtàkì jù ni métírọ́ọ̀nù kan ládùúgbò wa, tí wọ́n máa ń kó yúnífọ́ọ̀mù funfun tiwọn àti tàwọn nọ́ọ̀sì abẹ́ wọn wá. Kò pẹ́ tí aṣọ funfun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí eérú. Ó ń le gbagidi, lẹ́búlẹ́bú ọṣẹ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ abíyá. Kí ni mo ṣe? Mo fi ọṣẹ kún un. Nígbà tí kò tún dára, mo tún fi kún un. Màá rọ aṣọ kún inú ẹ̀rọ náà títí n ó fi máa fi ìgúnpá ti ìdérí rẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, àmọ́ ta ló máa ń ronú kan òwe nídìí ọṣẹ?

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, métírọ́ọ̀nù dé, wọ́n ṣí kọ́là wọn hàn mí. Ara ọrùn wọn ti sú wọ̀wọ̀.

“Tíṣà, mò ń tọ́jú aláìsàn, èmi fúnra mi sì ń họra. Ẹ bá mi tún àwọn wọ̀nyí fọ̀. Tí kò bá yàtọ̀, ẹ má bínú, màá wá ẹlòmíì.”

Bí wọ́n bá lọ, gbogbo nọ́ọ̀sì á bá wọn lọ, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Mo wọlé, mo fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ, mo ń sunkún. Bàbá na ọwọ́ òsì, wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan nínú aṣọ náà wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n wá fi etí rẹ̀ kan ahọ́n.

“Ọṣẹ ló kún inú ẹ̀.”

“Bàbá, ṣé ọṣẹ náà ló wá di ìdọ̀tí?”

“Ọṣẹ tí kò jáde lára aṣọ, ìdọ̀tí ni. Fi omi lásán fọ̀ ọ́, má da ọṣẹ kankan sí i, kí o wò ó.”

Kí n lè fi hàn wọ́n pé wọn ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ ni mo ṣe gbà. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, ìfófó ti bo aṣọ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọṣẹ sí i. Bàbá ò sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi omi lásán ṣan aṣọ náà kí omi tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bu ọṣẹ díẹ̀, tí kò tó ìdajì èyí tí mo máa ń dà, kí n pò ó nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi yọ́, kí n sì dà á sísàlẹ̀ ẹ̀rọ kí aṣọ tó wọlé. Aṣọ tí mo máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà méjì ni wọ́n ní kí n pín in sí. “Aṣọ gbọ́dọ̀ ráyè yí kó tó mọ́.” Kọ́là nìkan ni wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi ọwọ́ fọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe é fúnra wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lè gbá a mú. Mo kúnlẹ̀, mo di aṣọ náà mú fún wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Aṣọ náà kò funfun bíi tuntun lọ́jọ́ yẹn, ó tó ìgbà mélòó kan tí a tún fọ̀ ọ́ kó tó funfun. Ṣùgbọ́n ó rọ̀. Nígbà tí métírọ́ọ̀nù padà wá gba aṣọ, tí wọ́n fi ọ̀kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi.

“Bàbá mi ni,” mo dá wọn lóhùn. “Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ní Mushin.”

Métírọ́ọ̀nù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n lọ kúnlẹ̀ kí Bàbá. Bàbá ò lè dìde, ṣùgbọ́n wọ́n tún fìlà wọn dé dáadáa.

Bàbá ti dolóògbé báyìí, mo ṣì ń fọṣọ. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé irú ọṣẹ wo ni mò ń lò, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ ọṣẹ. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni pé, bí mo tilẹ̀ dàgbà sílé alágbàfọ̀, n kò bèèrè ohun kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn oṣù díẹ̀ tó kẹ́yìn ayé wọn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Kò tó, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mo bèèrè.