Ìbòrí Funfun Orí Kọ̀ǹpútà

Nílé wa ní Ìbarà, kò sí ohun tó ń lo iná tí ìyá mi kì í hun ìbòrí fún. Tẹlifíṣọ̀n ní ìbòrí funfun, rédíò ní tirẹ̀, fíríìjì náà ní. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ hun wọ́n, nítorí eruku àdúgbò wa kì í ṣe kékeré. Mo mọ èyí dáadáa. Ojú mi ló fọ́.

Olùkọ́ ni èmi náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún ti sú mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ṣe géèmù kan, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó sì ní kí n gbé e wá kí àwọn wò ó. Bí wọ́n bá gbà á, mo bọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi ò lè gbé e mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàpọ́n ní kí a ra ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun bá mi tò ó sínú àpótí ńlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní. Èmi ò ní sùúrù. Mo lọ ra kékeré kan tí wọ́n ti tò tán, tí kò ju Bíbélì ńlá méjì tí a gbé léra lọ.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní wọ́n ti fún gbogbo nǹkan mọ́ra jù, pé ihò orí rẹ̀ nìkan ló fi ń mí.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó wí.

Mo pòṣé. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí yóò gbowó lé lórí ló ń wá.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni nǹkan náà ti ń gbóná. Fáànù rẹ̀ ń ké débi tí mo fi ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Lọ́jọ́ kan ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó béèrè ohun tí ihò orí rẹ̀ wà fún. N kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kò kàn yín."

Ó ní ó dáa. Ó lọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí Èkó, ọyẹ́ bò wá débi pé a ò rí òrùlé ilé òdìkejì. Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ tó kù, mo sáré lọ ra fúláàṣì tí màá da géèmù náà sí. Nígbà tí mo padà dé géètì, n kò gbọ́ fáànù. Ìyá mi jókòó ní pálọ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Mo ti bá ọ bo ẹ̀rọ ẹ," ó ní. "Eruku fẹ́ pa á."

Mo sáré wọ yàrá mi. Ìbòrí tuntun ni, ó ṣe rẹ́gí. Ó ti lọ fọwọ́ wọn kọ̀ǹpútà náà nígbà tí mo wà níléèwé. Àárín ìbòrí náà, níbi tó ti bo ihò, ti pọ́n bí búrẹ́dì tó jóná.

Ọ̀rẹ́ mi tú kọ̀ǹpútà náà, gbogbo inú rẹ̀ ti jóná. Géèmù oṣù mẹ́jọ, kò rí nǹkan kan yọ, ìrìn Èkó sì já sí asán. Kò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Ì bá sọ ọ́, ì bá sàn fún mi.

N kò bínú sí ìyá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó bi mí léèrè, mo sì lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ mi fi bá mi to tuntun nígbẹ̀yìn, àpótí ńlá, ó tutù mini. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ká gbogbo ìbòrí kúrò nílé. Eruku jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ń fọ̀ wọ́n ni. Kò sì wọ yàrá mi mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé láti iléèwé, mo bá èéfín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tí mo ki wáyà kọ̀ǹpútà ńlá náà bọ̀ lára ògiri ti yọ́, ògiri ti dúdú dé òkè. Mo fa wáyà yọ, mo sáré lọ sí pálọ̀. Ìyá mi jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Mo bi í bóyá kò gbọ́ òórùn ni.

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti àárọ̀," ó ní. "Mo rò pé kò kàn mí ni."