Ẹ̀rọ Ọdẹ tí Mo Bá Bàbá Mi Yàn

Láàárọ̀ Sátidé tí bàbá mi bá fẹ́ lọ ṣọdẹ, ìyá mi kì í dín nǹkan kan. Òórùn àlùbọ́sà tàbí ti epo kò gbọdọ̀ sí nínú ilé wa ní Tremont nílùú òyìnbó, nítorí àgbọ̀nrín a máa gbóòórùn èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Òórùn kan ṣoṣo tó máa ń gba ilé ni ti aṣọ ọdẹ bàbá mi, tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá pẹ̀lú ewé gbígbẹ. Títí dòní, bí òjò bá pa ewé tó já sílẹ̀ lójú títì, àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni bàbá mi ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n nílé, ṣùgbọ́n ìbọn ni bàbá tiwọn lò. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ ló kọ́ wọn ní ọrun àti ọfà, òun náà ló máa ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sí àwọn òkè tó jìnnà sí ìlú. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni bàbá mi máa ń wí. Bí wọ́n ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ta ọfà náà nìyẹn. Bí kò bá dá wọn lójú, wọn kì í ta á.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọdẹ kan ní Queens láti yan ẹ̀rọ kékeré kan. Èèyàn á gbé e sójú, á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà á sì sọ iye yáàdì tó wà láàárín ọdẹ àti ẹran. Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń tajà máa ń yára jù fún bàbá mi, nítorí náà èmi ni etí wọn.

"Fúnmi, gbọ́ ọ dáadáa kí o tó sọ fún mi o."

Oníṣọ́ọ̀bù gbé ẹ̀rọ méjì sílẹ̀. Bàbá mi mú ọ̀kan, wọ́n wọn ògiri, wọ́n wọn ilẹ̀kùn, wọ́n tún padà wọn ògiri. Wọ́n ní, "Bi í léèrè: bí mo bá wà lórí igi létí òkè, tí ẹran wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣé iye tí ẹ̀rọ yìí bá sọ náà ni mo máa tẹ̀ lé?"

Mo béèrè. Ọkùnrin náà ní rárá o. Ó ní èyí àkọ́kọ́ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó bá gbà á gbọ́ nígbà tó ń ta ọfà lọ sísàlẹ̀, ọfà rẹ̀ máa ga jù. Èkejì ló máa ń ṣe àtúnṣe sí i. Ó ní kí a jẹ́ kí òun mú wa lọ sẹ́yìn ilé láti fi hàn wá. Ó yé mi yékéyéké.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọbìnrin méjì láti kíláàsì mi wọlé, wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń ta ọfà. Bàbá mi ń fi Yorùbá béèrè lóhùn òkè pé, "Kí ló wí? Fúnmi, kí ló wí?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu, èkejì wo fìlà bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá mi wò mí díẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni wọ́n mú.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, láti orí igi kan létí òkè, wọ́n ta àgbọ̀nrín kan. Ọfà bà á lókè ẹ̀yìn, ó sì gbé e sá lọ. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn òyìnbó yẹn tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí òjò tó fọ gbogbo rẹ̀ nù. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n jókòó sí kíṣìnì láìbọ́ bàtà. Ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Ó ń jẹ̀rora níbì kan," ni Dádì ń wí. "Ẹ̀rọ ò purọ́. Ojú mi ni. Ojú mi ti bàjẹ́."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n mo yí padà, mo wọ yàrá mi lọ.

Kí ọdún tó parí, bàbá mi ti fi ọrun wọn ta ọ̀rẹ́ wọn lọ́rẹ. Wọn ò lọ ṣọdẹ mọ́ láéláé. Ní Sátidé, ìyá mi wá ń dín ohun tó bá wù wọ́n.

Ogún ọdún kọjá. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo lọ kí Dádì, àwa méjì nìkan la wà nílé, mo sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún wọn látòkèdélẹ̀.

"Kì í wá ṣe ojú mi?"

"Kì í ṣe ojú yín, Dádì."

Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn tí kò lè gun òkè mọ́. "Ká ní o sọ fún mi nígbà yẹn, Fúnmi," ni wọ́n wí, wọn ò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tí mo sọ ọ́ fún ń tù mí nínú pé ọmọdé ló ṣe é. Òótọ́ ni. Ọmọdé ló purọ́ ìṣẹ́jú kan nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọ méjì tí n kò rántí orúkọ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjìlélógún tó wọ aṣọ ìgboyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń fóònù bàbá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè kì í ṣe ọmọdé. Mo ti dárí ji ọmọ ọdún méjìlá yẹn. Èyí tó dàgbà tán, tó ṣì dákẹ́, ni n kò tíì mọ bí mo ṣe máa dárí jì.