Ẹni Tí Mo Fura Sí

Òórùn òógùn àti irin ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí gbọ̀ngàn tí mo ti kọ́ scherma, eré fífi idà jà, ní àdúgbò wa ní Torino, ní Ítálì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Àgbàlagbà Òyìnbó kan ló kọ́ mi, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ màmá mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni pé ibi tí idà bá kọ́kọ́ dojú kọ kọ́ ló ń lọ.

Ẹ̀kọ́ yẹn gbé mi dé Òlíḿpíìkì. N kò gba àmì-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ayé gbọ́ orúkọ mi. Kò pẹ́ tí olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi gbé òdòdó wá sílé wa, tó ní kí n wá díje fún ipò consigliere, ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní comune, ìjọba ìbílẹ̀ wa. Màmá mi wo òdòdó náà títí.

"Ìfura loògùn àgbà," wọ́n ní. "Bi í léèrè ohun tó ń wá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kọ́ èmi ní ìfura?

Mo wọlé ìbò. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti kí mi, mo ti gbà pé ó fẹ́ nǹkan ni. Mo ní kí màmá mi máa sọ fún àlejò pé mo ti jáde. Olùkọ́ mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, n kò gbé fóònù. Mo ní wọ́n fẹ́ kí n wá iṣẹ́ fún ọmọ wọn ni. Olórí ẹgbẹ́ nìkan ni n kò fura sí, nítorí ó máa ń pè mí ní campionessa, obìnrin aṣẹ́gun, lójú gbogbo ènìyàn.

Lọ́sẹ̀ kejì, a dìbò lórí ìwé gígùn kan nípa àwọn ilé comune tí a fẹ́ tà.

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni, campionessa. Ṣáà nawọ́ sókè."

Mo nawọ́. Ìbò kan péré la fi borí. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ka ìwé náà. Gbọ̀ngàn wa wà lára àwọn ilé náà.

Mo sáré lọ bá olùkọ́ mi. Wọ́n ń kó àwọn ìbòjú irin sínú páálí.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò wá bá mi nílé?"

"Mo wá," wọ́n ní. "Màmá rẹ ní o ti jáde. Mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ nínú yàrá."

Wọ́n gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́.

Mo ti fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ báyìí, mo dá dúró díje, mo sì tún wọlé ìbò, ṣùgbọ́n wọ́n ti wó gbọ̀ngàn. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ni olùkọ́ mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí mo bá yà síbẹ̀, wọ́n á fún mi ní àga. Wọn kò bá mi wí rí. Nígbà mìíràn, ó máa ń wù mí kí wọ́n bá mi wí.