Ẹ̀rọ tó ń pe èèyàn ní àdúgbò Adégbayì
Ẹ̀rọ kan níléeṣẹ́ epo wa ti ń súfèé láti ìjẹta. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún èmi ọ̀gá wọn!
Ẹ̀rọ náà ló ń yí epo rọ̀bì bí ìjì kí yanrìn lè já kúrò nínú rẹ̀.
Mo bi Bàbá Súlè tó ń dúró tì í: “Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?”
“Màdáámù, ó ń pe èèyàn ni. A kì í dá irú ẹ̀ lóhùn.”
“Yanrìn ló ń jẹ irin yẹn! Tó bá lu, epo gbígbóná á bò yín!”
Mo pa ẹ̀rọ.
Ni ohùn kan bá tinú irin pè mí ní Àbẹ̀ní, bí màmá mi tó ti kú ṣe máa ń pè mí.
Ìwọ wẹ́dà wa tó ń jó irin pọ̀, kí o wá tún un ṣe kí ọ̀sán ọ̀la tó pọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ náà títí di ìgbà yẹn.
Ẹ̀yin ará, ṣé irú èyí ti ṣe yín rí?