Ilé Tuntun àti Sàréè Bàbá Wa

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìdímù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí màmá mi ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni wó ilé wa, inú bí mi débi pé mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Ilé wo gan-an ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ? Ilé yàrá-kọjú-sí-yàrá tí bàbá mi kọ́, tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, gbogbo ayálégbé á ti máa wá abọ́ tí wọ́n máa gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. Díbẹ́lọ́pà kan fẹ́ bá wa sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: àwọn ayálégbé wa àtijọ́ á padà sí yàrá nísàlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù á gba fúláàtì lókè, ìdílé wa náà á ní tiwa. Kí ló tún kù?

Sàréè ló kù. Inú ọgbà ni wọ́n sin bàbá mi sí. Láràárọ̀ ni màmá mi ń dúró síwájú síláàbù sìmẹ́ǹtì tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á kí i, wọ́n á ròyìn ilé fún un, wọ́n á sì fẹjọ́ mi sùn. Nínú pùláànù, àwòrán ilé tí díbẹ́lọ́pà yà, ibẹ̀ gan-an ni ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Bí ẹ bá máa hú u lọ síbòmíràn," ni wọ́n wí, "ẹ hú èmi náà pọ̀. Ẹnì kan ò ní máa gbé mọ́tò gun ọkọ mi lórí."

Díbẹ́lọ́pà náà tún pùláànù yà. Ó sún ilé sẹ́yìn kí síláàbù náà lè dá dúró láàrin òdòdó. Ìgbà yẹn ni màmá mi tó fọwọ́ sí i. A gba yàrá fún màmá mi ní Igando, àwọn òṣìṣẹ́ wó ilé, màmá mi sì ń wọ bọ́ọ̀sì wá kí ọkọ wọn.

Wọ́n ní kí bíríkìlà kọ́kọ́ tún ìdí síláàbù náà ṣe. Ó gbé e sókè, ó sì fò sẹ́yìn. Ihò jíjìn ló wà níbẹ̀.

"Yéè!" Àbúrò bàbá mi gbá orí mú. "Ṣaláńgá wa àtijọ́ nìyí!" Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú, tí màmá mi ṣì ń ṣe opó nínú yàrá, nígbà tí àwọn da sìmẹ́ǹtì sí ọgbà nítorí ẹ̀kún omi, àwọn òṣìṣẹ́ gbé síláàbù náà kúrò. Òun ló ń ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó lọ kí ìrun Àlàásárì. Kó tó dé, wọ́n ti dá a padà síbi tó wù wọ́n, òun ò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbogbo wa yíjú sí màmá mi, tó ti wọ bọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ yẹn.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ṣaláńgá ni mo ń ròyìn ilé fún láti ọjọ́ yìí?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó sórí iyanrìn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Àfi bí ohùn wọn ṣe yí padà: "Níbo wá ni ọkọ mi wà?"

Àbúrò bàbá mi rìn lọ síbi tí fèrèsé màmá mi wà tẹ́lẹ̀. "Ibí ni, ìyàwó wa." Wọ́n wa ilẹ̀ díẹ̀, búlọ́ọ̀kù tó yí sàréè náà ká sì yọjú.

Díbẹ́lọ́pà ṣí pùláànù, ojú rẹ̀ fà ro. Ilé tó sún sẹ́yìn ti gbé yàrá màmá mi bọ́ sórí ibẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ẹ má bínú, mà. A máa tún un yà."

"Ẹ tún kí ni yà? Ọlọ́run ló ya èyí! Ṣebí inú yàrá ni wọ́n ń sin àwọn bàbá ńlá wa sí? Ẹ kọ́ yàrá mi lé e, jàre."

A ti kó wọlé báyìí. Ọmọ òkè ń sáré wá sísàlẹ̀, ọmọ ìsàlẹ̀ ń sáré lọ sókè, ariwo wọn ò jẹ́ ká gbádùn, inú mi sì ń dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a kó dé, oòrùn ti là, màmá mi ò tíì jáde. Àyà mi já. Mo wọlé, mo jí wọn. Wọ́n ṣí ojú kan, wọ́n wò mí tìbínú-tìbínú.

"Jẹ́ n sùn, ìwọ ọmọ yìí. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn."