Ìrìnàjò Tí Bàbá Kíkí Fi Pamọ́

Láti ọjọ́ tí Olúbọ̀wálé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ti ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, torí kí òun àti Morọ́lá ìyàwó rẹ̀ lè dé Barbados. Erékùṣù kékeré ni, lókè òkun lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ayàwòrán-ilé ni Olúbọ̀wálé. Ilé onípákó ibẹ̀ ló gba ọkàn rẹ̀: ilé tí àwọn tó jáde nínú oko ẹrú gbé ka orí òkúta, láìfi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n lè tú u kó lọ lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá lé wọn. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọ̀kan kó tó kú.

Ṣùgbọ́n ta ní í pariwo ìrìnàjò? Ní Òkè-Àfà tí wọ́n ń gbé, ó dìgbà tí èèyàn bá gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún kí aládùúgbò tó gbọ́, kí ẹnu ayé má baà bà á jẹ́. Olúbọ̀wálé tún mọ̀ pé bí ẹbí bá gbọ́, oníkálùkù á gbé ìṣòro tirẹ̀ dé. Ló bá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọdúnayọ̀ tó ń ta aṣọ ní Bọ́ládé, pé òun ń lọ sí Adó-Èkìtì lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó gbàgbé pé Adó gan-an ni Dúpẹ́olúwa, àbúrò wọn, ń gbé.

Wọ́n dé erékùṣù. Yàrá tí owó rẹ̀ rọjú jù ni wọ́n gbà, bọ́ọ̀sì ìjọba ni wọ́n ń wọ̀, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n pa fóònù àwọn méjèèjì, torí ìpè òkè òkun ń jẹ owó bí ikán.

“Bàbá Kíkí, ẹ tọ́ ọ wò. Túwó àgbàdo tí wọ́n ro ilá mọ́ ni,” Morọ́lá sọ fún ọkọ rẹ̀.

“Ká fò kọjá òkun ká wá jẹ túwó?”

“Ẹ jẹun jàre. Èyí ní ẹja tó ń fò lórí. Ṣé túwó ilé wa ní in?”

Ó fi àwọn ilé onípákó náà sí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, torí ìhà àríwá ni wọ́n wà, ọkọ̀ ibẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó tan fóònù tirẹ̀, ó lo wáìfáì onílé láti wo àkókò bàálù wọn. Bí fóònù ti tàn báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Bọ̀wálé! Ṣé ìwọ ni, àbí àwọn ajínigbé?” Ohùn Ọdúnayọ̀ ti há.

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Dúpẹ́olúwa ní òun ò rí ẹ sójú! Ìdajì ẹbí ló wà ní pálọ̀ rẹ tí wọ́n ń gbàdúrà. Ayálégbé rẹ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Dúpẹ́olúwa ti ta ewúrẹ́ méjì fún owó ìràpadà!”

“Ta ló ní kó ta ewúrẹ́?”

“Níbo lo wà?”

“Barbados. Òkè òkun ni. A… a wá ṣe fàájì díẹ̀ ni.”

Ariwo sọ ní pálọ̀ lọ́hùn-ún, ohùn Ọdúnayọ̀ sì borí rẹ̀.

“Àwa ń gbààwẹ̀, ìwọ ń wẹ̀ lókun! Ó dáa. Mi ò bá ẹ bẹ ẹnì kankan. Pe àwọn àgbà tó wà nílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fídíò, kí wọ́n rí ojú ẹ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ òní bá ṣú láìjẹ́ pé o pè wọ́n, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.”

Ilé tí wọ́n wọ̀ sí nìkan ni wáìfáì wà, kò lè máa pè wọ́n lójú ọ̀nà. Morọ́lá ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Dúró dè mí,” Olúbọ̀wálé ní.

“Ẹ̀yin lẹ parọ́, Bàbá Kíkí. Èmi kàn dákẹ́ ni. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró de ẹbí yín.” Ó jáde.

Àgbà àkọ́kọ́ ní kó tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì gbàdúrà títí Olúbọ̀wálé fi ń ṣe àmín pẹ̀lú ìbínú. Ìkẹta ní òun ò gba ẹ̀bẹ̀ ẹni tó wà lórí ìjókòó. Ló bá gbé fóònù ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Àyà rẹ ò kan ilẹ̀!” ni bàbá náà ń wí.

Ibẹ̀ ni obìnrin onílé bá a, ó figbe ta: “Ọ̀gá, ṣé kí n pe dókítà?”

Ìrọ̀lẹ́ ni Morọ́lá dé, iyanrìn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó na fóònù rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀.

“Ilé náà dà?”

“Òun ló wà lẹ́yìn mi yẹn.”

Olúbọ̀wálé fẹ àwòrán náà títí. Fìlà oòrùn Morọ́lá bo fèrèsé, èjìká rẹ̀ bo ilẹ̀kùn. Òkúta ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ wọ inú àwòrán.

“Pákó rẹ̀ ńkọ́? Ìbú ni wọ́n kàn án ni, àbí òòró?”

Morọ́lá gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nù.

“Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún,” ló wí, ó sì wọlé lọ wẹ̀.