Òrùka Monísọ́lá

Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló máa ń kọ́kọ́ gbéra. Á kan òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ kan náà, á tì í díẹ̀díẹ̀, títí òrùka á fi yí po ìka lẹ́ẹ̀kan. Kò yá. Kò pẹ́. Ìgbà tó bá yí tán ni Monísọ́lá tó máa lanu.

"Páàsì."

Tàbí: "Sípéèdì kan." Ohùn kan náà. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ ì báà dára, ì báà má ní láárí, òrùka á yí lẹ́ẹ̀kan.

Tíṣà ni, ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀sán Sátidé, òun àti Caleb ọkọ rẹ̀ a máa ta bíríìjì ní kíláàbù àwọn olùkọ́. Ẹni mẹ́rin ní ń ta á, méjì sí méjì, ẹnì kejì ẹni á jókòó sí ọ̀kánkán ẹni. Kí wọ́n tó ju káàdì kankan sílẹ̀, kálukú á pe irú káàdì kan, bíi sípéèdì tàbí háàtì, àti iye tó rò pé àwọn lè fi jẹ, tàbí kó páàsì, ìyẹn ni pé kò pe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn nìkan lẹ lè fi bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀. Kò sí ojú ṣíṣẹ́. Kò sí ìmí ẹ̀dùn. Ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó páàsì ti sọ̀rọ̀ nìyẹn: nǹkan wà lọ́wọ́ òun. Òfin ò ní kó má ronú. Ẹnì kejì rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ìpẹ́ yẹn jèrè.

Lọ́dún 1999, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Èkìtì kúrò lára Òǹdó, wọ́n fẹ́ yan ẹni méjì tí yóò lọ ta á lórúkọ Èkìtì l'Ákùúrẹ́. Caleb fẹ́ lọ. Ó fẹ́ ẹ gan-an. Láyé Òǹdó, àfirọ́pò ni wọ́n ń mú un lọ, àga ẹ̀yìn ló ń jókòó sí títí wọ́n á fi padà wálé.

Ó ku ìdíje kan. Oyèbámijí àti Bọ́dúndé, láti Ìsẹ̀. Ọwọ́ ìgbẹ̀yìn ni yóò sọ ẹni tó ń lọ.

"Bàbá Fúnmi," Oyèbámijí wí, "ẹ má tíì lọ aṣọ Àkúrẹ́ o."

"Ẹ ta eléyìí ná," Caleb dá a lóhùn.

"Háàtì mẹ́ta," Oyèbámijí pè.

Ó kan Caleb. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Jeremiah wọlé, ẹ̀gbọ́n ìyá Monísọ́lá. Àna. Caleb fi káàdì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ayò o. Ulé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

Ó dìde. Ó gbọn ṣòkòtò. Ó jókòó, ó kó káàdì. Ìkíni ti tán. Ó ṣì ń wo káàdì. Ètè rẹ̀ mì. Ó tún wò ó.

"Páàsì."

Bọ́dúndé náà páàsì. Ó ku Monísọ́lá.

Sípéèdì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ wọn ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àfi tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ Caleb. Tó bá pe sípéèdì mẹ́ta, ta ló máa bá a wí? Oyèbámijí fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: "Àna mà le o! Ìdọ̀bálẹ̀ ti fẹ́ gba ọ̀sán lọ́wọ́ wa." Gbogbo yàrá gbà pé ìkíni ló fa ìpẹ́. Monísọ́lá nìkan ló rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Òrùka yí. Lẹ́ẹ̀kan.

"Páàsì."

Àwọn ará Ìsẹ̀ jẹ iye tí wọ́n pè. Wọ́n borí. Nígbà tí wọ́n ṣí káàdì sílẹ̀, gbogbo wọn rí i: sípéèdì mẹ́ta ì bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ojú ọ̀nà ilé ni Caleb tó sọ̀rọ̀.

"Ta ni ì bá mọ̀, Monísọ́lá? Àna mi ló dá mi dúró."

"Ẹ ti kí wọn tán, ẹ ṣì ń wò ó."

Caleb fẹsẹ̀ gbá òkúta kan.

"Bàbá Fúnmi, ká ní ẹ páàsì kíá, èmi náà ì bá páàsì. Ìpẹ́ yín ló fẹ́ ti ẹnu mi. Kì í ṣe káàdì mi."

"Ojú ẹ ti mú jù." Ó rín ẹ̀rín tí kò fẹ́ rín. "O ò wá jẹ́ kí n lọ Àkúrẹ́."

"Mi ò jẹ́. Ẹ má bínú."

Ní Sátidé kejì, Caleb fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn ní kíláàbù, bó ṣe rí gan-an. 

Caleb ò lọ Àkúrẹ́. Ní kíláàbù yẹn, bí àgbà bá wọlé báyìí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á da káàdì wọn dojú bolẹ̀ títí ìkíni á fi tán.